Bàbá Ń Fẹsẹ̀ Rìn Dọ́jà, Wọ́n Sì Ń Kírun Lórí Àga: Kí Ni Ìdájọ́ Rẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù aláékúm, Ààfáà wa. Ìjẹ̀bú-Òde níbí la wà, bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 73. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ara sì ń tù wọ́n. Ni àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí bá ní bídíà ni, pé ìwà Nàsárà ni kí àgbàlagbà wọ kánfáàsì máa rìn kiri lẹ́yìn Àsùbáà, kí wọ́n jókòó ti tẹ̀sùbáà wọn. Bàbá dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, orí àga ni wọ́n ti ń kírun látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Àwọn kan ní ìrun náà kò dáa, àwọn kan ní àgbà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Wà aláékúmù sàlám. Kí Ọlọ́hun lọ́ra fún bàbá, kó sì san ọ́ lẹ́san ìtọ́jú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìrìn kò yẹ kó dá wa dúró pẹ́. Bídíà ni kí èèyàn dá nǹkan sílẹ̀ nínú ẹ̀sìn, kó ní láádá wà níbẹ̀, nígbà tí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rìn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, ẹ̀sìn wo ló dá sílẹ̀? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyá wa Àíṣà, ìyàwó rẹ̀, sáré ìje. Àíṣà ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Nígbà tó ṣe tí Àíṣà sanra, Ànábì ló ṣíwájú, ó ní èyí gbẹ̀san tìjọ́sí. Sátidé gbogbo ló máa ń lọ sí mọ́ṣáláṣí Kùbáà, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, nígbà mìíràn ó ń gun ẹran. Ó sì máa ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi àìlágbára, ọ̀lẹ, àti ogbó tí í sọni dìdàkudà. Ẹ̀yin tí ẹ lé bàbá yìí padà sílé, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ kò mọ ohun tí dókítà rí, ẹ sì gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.

Àga gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì.

Farílà, ìyẹn dandan, ni ìdúró nínú ìrun ọ̀ranyàn fún ẹni tó bá lè dúró. Ìmúrán ọmọ Huséènì, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ní àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí, ó bi Ànábì, Ànábì sì dá a lóhùn pé: "Kírun ní ìdúró, tí o kò bá lè, ní ìjókòó, tí o kò bá lè, ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀." "Tí o kò bá lè" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Òòyì tó ń kọ́ èèyàn, ẹ̀rù pé yóò ṣubú, ìrora tí ìdúró yóò mú burú sí i, ìwọ̀nyí ni àìlè. Kí ara kàn wúwo díẹ̀ kì í ṣe àìlè.

Àwa tí a ń tẹ̀lé Imáámù Málíkì, inú ìwé Al-Akhdarì tí a kọ́kọ́ kà nílé kéwú la ti kọ́ ètò rẹ̀: ìdúró láìfara ti nǹkan, lẹ́yìn náà ìdúró pẹ̀lú ìfarati, lẹ́yìn náà ìjókòó láìfara ti nǹkan, kó tó kan ìjókòó pẹ̀lú ìfarati. Àwọn bàbá wa ń fo ipele kejì yìí kọjá. Ọ̀pá ńkọ́? Ògiri ńkọ́? Bàbá kan wà ní sáfù (ìlà ìkírun) wa tó máa ń fi ọwọ́ òsì di irin fèrèsé mú títí Fàtíhà yóò fi parí, yóò wá rọra tú ìka sílẹ̀ kó tó tẹ̀ fún rúkúù. Ìdúró ni ìyẹn, ó pé.

Ẹni tó lè dúró àmọ́ tí kò lè tẹ̀, tí kò sì lè forí kanlẹ̀, ìdúró ni yóò ti fi orí tọ́ka rúkúù, yóò wá jókòó sórí àga fi orí tọ́ka sùjúdù (ìforíkanlẹ̀), kí ti sùjúdù sì wálẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹni tó lè ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé tó bá ti forí kanlẹ̀ kò ní lè dìde mọ́, kó ṣe rákà kìíní (ìpín kìíní ìrun náà) pé pérépéré pẹ̀lú ìdúró àti ìforíkanlẹ̀, kó wá jókòó parí ìyókù. Ibí yìí ni àwọn tó ní "níwọ̀n ìgbà tí wọ́n máa jókòó náà, kí wọ́n jókòó látìbẹ̀rẹ̀" ti ṣìnà. Ẹni tó bá sì lè forí kanlẹ̀ láti orí ẹní, kí ó má jẹ́ kí àga gba sùjúdù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ń rí àwọn bàbá wa lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí wọ́n bá regbẹ́regbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wọn jó wọlé pẹ̀lú agbádá nínú oòrùn. Inú mi ń dùn sí ìlera wọn. Àmọ́ tí mo bá tún rí irú wọn lórí àga fún rákà méjì Àsùbáà, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́.

Nọ́fílà, ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, yàtọ̀. Ànábì fúnra rẹ̀, nígbà tó dàgbà, jókòó fún ìrun òru. Tó bá ku bí áyà 30 tàbí 40, yóò dìde dúró kà á, yóò wá tẹ̀.

Àwọn ìrun tó ti kọjá ńkọ́? Èyí tí bàbá jókòó kí lọ́jọ́ tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n dúró, ó dáa. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè dúró, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Fi sùúrù sọ ọ́ fún wọn, má ṣe dẹ́rù bà wọ́n.

Ìrìn tí wọ́n dá wọn dúró nínú rẹ̀ ló sì ń ran ìdúró yìí lọ́wọ́. Iṣan itan tí a kò lò a máa gbẹ, orúnkún a sì máa le. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ẹni tó ti pé 65 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ lo ara: ìrìn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ìrun náà ń fẹ́ irú okun bẹ́ẹ̀: rákà ọ̀ranyàn 17 lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ 34 ló wà nínú rẹ̀. Nínú mádhábù wa, ìyẹn ọ̀nà Imáámù Málíkì, ọwọ́ là ń gbé kẹ́yìn tí a bá ń dìde, nítorí náà kí bàbá tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n fi dìde.

Kí wọ́n wọ kánfáàsì wọn lọ́la lẹ́yìn Àsùbáà. Ìwọ náà bá wọn rìn, kí o wà lápá ibi tí ọ̀kadà ń gbà. Ní mọ́ṣáláṣí, bá wọn gbé àga sẹ́yìn wọn, kí wọ́n fi ìdúró wọ kábárà àkọ́kọ́, "Allāhu Akbar" tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrun.