"Mọ́kàn le" yàtọ̀ sí "sé ọkàn le"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn pé, "Ẹ sé ọkàn yín le." Ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, pé èébú ni. Níbo ni àṣìṣe mi wà? Àti pé ṣé ọkàn líle, oríkunkun àti ìdájú kì í ṣe ohun kan náà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n yín jàre. "Ẹ mọ́kàn le" lẹ fẹ́ sọ. "Mú" àti "ọkàn" ló sún kì di "mọ́kàn", ìtùnú sì ni: kí èèyàn fara dà á, kó má bọ́hùn. Ní ti "sé", ẹ rántí ìsémọ́lé. Ẹni tó sé ọkàn rẹ̀ le ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́ tàbí ẹ̀bẹ̀ tó ti gbọ́ yékéyéké. "Le" ló ń gbẹ̀yìn, ọkàn a wà láàárín. "Ó sé le ọkàn rẹ̀" kì í ṣe Yorùbá.

Ẹ ṣọ́ra fún "mú" náà. Bó bá jẹ́ ọkàn ẹlòmíì la mú le, bí ti Fáráò nínú Ẹ́kísódù, ìtùnú ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó rú òǹkàwé lójú, ẹ lo "yigbì": "ọkàn rẹ̀ yigbì." Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn kó rò pé ẹ ń yìn ín.

Oríkunkun kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn ni olóríkunkun kì í gbà. Ọmọ tí a ní kó má fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná tó sì fọwọ́ kàn án, ó ṣoríkunkun, ṣùgbọ́n ó lè máa sunkún bí ara ẹlòmíì kò bá yá.

Àánú ni ọ̀dájú kò ní. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń da àwọn tó ń kọ̀wé láàmú, nítorí "Ó dájú pé ó ń bọ̀" kò bá ìwà ẹnikẹ́ni wí, àmọ́ "Ọkùnrin yẹn dájú" bá a wí gan-an. "Pé" tó tẹ̀ lé e ló ń là á. Bí "Ó dájú" bá dá dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ méjì; ẹ kúkú kọ "Ọ̀dájú ni." "Dájúdájú" ní tirẹ̀ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìkà.

Ẹ tún lẹ́tà yín kọ báyìí: "Ẹ mọ́kàn le. Ọlọ́run á tù yín nínú."