Ẹ Ka Iṣẹ́ Tí Wọ́n Dá Padà Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Jọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé lórí Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹ òkun o. Lẹ́tà márùn-ún la mú nínú àwọn tó dé lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí kíkọ́ iṣẹ́ lásìkò ọ̀dá owó yìí. Ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè la fún láyè jù, torí owó gidi wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì ná.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ti dá ₦6,000,000 jọ. A fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ̀dọ́ 60 ní ọṣẹ ṣíṣe, aṣọ rírán àti títún fóònù ṣe, ká sì fún kálukú ní ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìparí. Ṣé ètò náà dára? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjùmú)

Ẹ kú ìdáwójọ. Ètò náà kò dára, a ò sì ní pọ́n yín lé lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè sọ ẹnikẹ́ni di telọ̀. Ẹni tí ẹ bá fún ní ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò, tí ebi sì wà nílé, á ta ẹ̀rọ náà láìpẹ́. Kì í ṣe ìwà burúkú. Ẹ̀rọ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó lè tètè di owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ ńkọ́? Ọjọ́ kan péré lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí ogún èèyàn fi máa ń gbé irú ọṣẹ kan náà lọ sọ́jà kan náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ra iṣẹ́. Ẹ yan èèyàn méjì tó mọ̀wé kọ dáadáa, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, nínú ìlú yín àti lójú títì dé Kàbbà. Ìbéèrè márùn-ún ni kí wọ́n bi ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Ọmọọṣẹ́ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín? Iṣẹ́ mélòó lẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mélòó lẹ dá padà, tàbí tí ẹ ní kí oníbàárà gbé lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin? Kí ló fà á: ṣé ọwọ́ ni kò tó, ṣé irinṣẹ́ ni kò sí, àbí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún? Bí ẹ bá rí ọmọ tó mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ ó gbà á, èló lẹ ó sì máa fún un? Ìbéèrè kẹta ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Bí telọ̀ mẹ́rìnlá bá wà tí ẹnì kankan nínú wọn kò dá iṣẹ́ padà, telọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ń bọ̀ wá bá wọn pín oúnjẹ tí kò tó ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti Lọ́kọ́ja ni gbogbo ẹni tó ra sólà ti ń pe oníṣẹ́, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ẹ wo iṣẹ́ àtúnṣe dáadáa. Bí owó bá ṣọ̀wọ́n, àwọn èèyàn kì í ra tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Látọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo jẹnẹrétọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Sólà, bátìrì, ẹ̀rọ omi, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa wọn. Àbá tiwa nìyẹn o. Ohun tí àwọn èèyàn yín méjèèjì bá kọ sínú ìwé ló lágbára ju tiwa lọ.

Ẹ wá dín iye ọmọ kù sí 20, kí ẹ sì fi wọ́n sọ́dọ̀ ọ̀gá fún oṣù mẹ́sàn-án. ₦300,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀, ₦60,000 ni ti ọ̀gá, kẹ́ ẹ sì san án lẹ́ẹ̀mẹta: ₦20,000 lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ₦20,000 lóṣù karùn-ún, ₦20,000 lẹ́yìn tí ọmọ bá yege ìdánwò. Ọ̀gá tó bá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè sọ ọmọ náà di ẹni tó ń gbálẹ̀, tó sì ń báni ra oúnjẹ. ₦90,000 ni ti oúnjẹ àti owó ọkọ̀, ìyẹn ₦10,000 lóṣù. Ẹ má yọ èyí kúrò láé. Àìrówó wọkọ̀ ń lé ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ju ọ̀lẹ lọ. Irinṣẹ́ ₦100,000, kí ìlàjì rẹ̀ wá lóṣù kẹta kó lè máa fi tirẹ̀ kọ́ṣẹ́, kí ìlàjì kejì sì dúró dìgbà tó bá ti fi oṣù méjì dá ṣiṣẹ́. ₦25,000 fún ìdánwò àti sẹ́tífíkéètì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́. ₦25,000 tó kù ni ẹ ó fi máa bẹ ṣọ́ọ̀bù wò lóṣooṣù, tí ẹ ó sì fi wá àwọn ọmọ náà rí lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Kajú wà lóko nígbà náà, ẹni tó lè rí owó òòjọ́ kò ní jókòó ti ọ̀gá tí kò san nǹkan fún un. Oṣù Kẹfà ló dára.

Kí nìdí tí a fi ní kí ẹ ṣe sẹ́tífíkéètì mọ́ ti ọ̀gá? Ní Uganda, àwọn olùwádìí fi àwọn ọ̀dọ́ kan sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sẹ́nu iṣẹ́ fún iye oṣù kan náà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tètè rí nǹkan ṣe, àmọ́ bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó máa ń ṣòro láti rí òmíràn. Àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì gba sẹ́tífíkéètì, ló ń gòkè sí i, torí ọ̀gá tí kò mọ̀ wọ́n rí lè ka ìwé tó jẹ́rìí wọn.

Ó ku bí ẹ ó ṣe yan wọn. Bí 50 bá yẹ nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ṣẹ́ kèké mú 20 lójú gbogbo ìlú. Kèké á pa ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ pé ọmọ olóyè nìkan lẹ mú. Ó sì tún fún yín ní òṣùwọ̀n, torí àwọn 30 tí kèké kò mú kò yàtọ̀ sí àwọn 20, àfi pé wọn kò kọ́ṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù gbogbo àwọn 50 náà, àti ti ẹbí méjì tí kì í kúrò nílé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀dọ́ a máa pààrọ̀ síìmù. Lẹ́yìn oṣù 6, oṣù 12 àti oṣù 24 tí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ pe gbogbo wọn: wákàtí mélòó lo fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èló ló sì wọlé? Ká ní 12 nínú 20 ń ṣiṣẹ́, tí 18 nínú 30 náà ń ṣiṣẹ́, ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì, owó yín kò yí ohunkóhun padà. Ẹgbẹ́ tó bá pe àwọn 20 nìkan á máa jó, á máa yọ̀, kò ní mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí kò síṣẹ́, ṣé kì í ṣe oúnjẹ ló yẹ kí ìjọba fún aráàlú? Kí lèrè ẹ̀kọ́ṣẹ́? (Tíṣà, Ìsánlú)

Oúnjẹ ni ti òní, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ti ọdún kejì sí ìkẹta. Kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. David Card, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kó ìwádìí tó lé ní 200 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé ní ọdún àkọ́kọ́, èrè ẹ̀kọ́ṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń yọ. Wọ́n tún rí i pé ètò tí wọ́n bá ṣe nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀ ń mú èso tó pọ̀ jù wá. Ìdí kan tó bọ́gbọ́n mu ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ráyè wáṣẹ́; nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, àdánù nìyẹn, nígbà tí kò bá sí, kò pàdánù ohun púpọ̀. Ọdún 1986 náà, ọdún tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n dá NDE sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìpèsè iṣẹ́, tó ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Èyí tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni kí òṣèlú máa béèrè èsì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà péré. Àwọn tó ń darí rẹ̀ á wá máa yan ọmọ tó jẹ́ pé á rọ́nà lọ láìsí ìrànlọ́wọ́, kí ìwé ìròyìn wọn lè dára. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ló máa kù sílé.

Rédíò ní ẹni 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́. Ta ni wọ́n kà? (Òǹkàwé, Mọ́pà)

Òṣùwọ̀n ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá fi tó wákàtí 20 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ni NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ń kà sí aláìníṣẹ́. Iye náà jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún lópin 2020. Láti 2023, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè lọ́sẹ̀ ti níṣẹ́ nìyẹn. Ó wá di 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó sì jẹ́ 5.3 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Irú òṣùwọ̀n tí àgbáyé ń lò ni, kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣètò ẹ̀kọ́ṣẹ́. Iye tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni pé 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ló wà nídìí iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìlànà: oko, ọjà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà. Wákàtí iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé ni kẹ́ ẹ máa kà.

Mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ nílé búrẹ́dì mi. Ìyẹ̀fun ti gbówó lórí, mo fẹ́ dá mẹ́ta dúró. Ẹnì kan tún ní mo jẹ ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, lówó. Ṣé òótọ́ ni? (Oníbúrẹ́dì, Kàbbà)

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Òfin ITF mú agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè: ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ẹ san lọ́dún ni ẹ ó dá. Ká ní ₦60,000 lẹ ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦5,760,000 ni lọ́dún, ẹ ó sì dá ₦57,600. Bí ẹ bá kọ́ òṣìṣẹ́ yín níṣẹ́ nílànà tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ lè gbà tó ìdajì padà, ₦28,800. Ibi tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń pàdánù rẹ̀ ni pé wọ́n á ti kọ́ òṣìṣẹ́ tán kí wọ́n tó rántí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ìlànà, kí ẹ wá tọ́jú rìsíìtì, orúkọ àwọn tó wá lójoojúmọ́ àti ohun tí wọ́n kọ́.

Ní ti àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ rò ó wò ná. Ní 2009, Jámánì dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé èèyàn. Òṣìṣẹ́ bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló wà lórí ètò náà nígbà tó pọ̀ jù, ìjọba sì ń san ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n pàdánù, 67 fún ẹni tó lọ́mọ. Kò sírú àpò bẹ́ẹ̀ níbí, ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ yín lẹ máa pín in gbé. Bí gbogbo wọn bá ń ṣe ọjọ́ mẹ́rin dípò mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ló dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àwọn mẹ́ta náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ dá ọjọ́ tó máa parí sí i, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ààrò bá sinmi, kí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ààrò, kí ẹni tó ń tajà kọ́ ìṣirò ọjà. Ẹni tí ẹ bá lé á gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, bí ọjà bá sì padà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni tuntun.

Mo ti ń ṣe wẹ́dà láti ọdún méje, mi ò ní ìwé kankan. Ṣé àfi kí n padà sílé ẹ̀kọ́? (Wẹ́dà, Ẹ̀gbẹ̀)

Rárá, àbúrò. Lábẹ́ ètò NSQ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí àjọ ìjọba NBTE ń bójú tó, ìpele-ìpele ló wà, wọ́n sì lè wọn ohun tó o ti mọ̀ láìjẹ́ pé o jókòó ní kíláàsì. Béèrè lọ́wọ́ ibi tó o fẹ́ lọ bóyá wọ́n fún wọn láṣẹ fún iṣẹ́ wẹ́dà gan-an. Ibi tó láṣẹ fún telọ̀ lè má ní tìrẹ, owó rẹ á ṣòfò. Láti òní lọ, ya fọ́tò iṣẹ́ mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ àti oníbàárà méjì tó o ṣe géètì fún. Ẹni tó máa wọ̀n ọ́ á dúró tì ọ́ tó o bá ń jó irin, á sì máa bi ọ́ ìdí tó o fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn tó mọṣẹ́ ti ń kùnà ni ààbò. Gbé ìbòjú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tìrẹ lọ, kó o sì yẹ okùn ẹ̀rọ wò lójú wọn kó o tó taná sí i.