Ìbéèrè Òǹkàwé: Pípadà Sí Ìgbaradì Lẹ́yìn Eré Máràtọ́ọ̀nù

Ìbéèrè: Olóòtú, ọjọ́ kẹrin rèé tí mo parí eré máràtọ́ọ̀nù, itan sì ń ro mí. Ìgbà wo ni mo lè padà sí ìgbaradì fún triathlon, ìdíje tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí a ń gun kẹ̀kẹ́, tí a sì ń sáré?

Ìdáhùn: Ẹ lè máa lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, nítorí pé omi ni yóò gbé ìwúwo ara yín. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú nígbà tí ìrora bá lọ. Ní tèmi, ẹ fi eré sísá sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé iṣan tí ó sá kìlómítà 42.195 ti ya wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò tó, ìrora sì máa ń lọ kí iṣan náà tó san tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lára ẹsẹ̀ ló ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà.