Kọ́ irun dídì kí ìyàwó ẹ tó wọ bàálù

Àbúrò mi, o ní ìyàwó ẹ ti rí ààyè máàsítà ní yunifásítì ní Ìlú Ọba, pé ṣé kó máa lọ kí ìwọ àti ọmọ dúró. O tún ní ṣé ìrètí kankan ṣì kù fún Nàìjíríà. Ohun tójú mi rí ni mo máa sọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyàwó tèmi bá lọ. A ti ń sanwó fún agẹ́ńtì nígbà tí òfin wọn yí ní March 11, 2024, pé ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò lè kó ọkọ àtọmọ dání mọ́. Agẹ́ńtì ò sọ fún wa títí a fi san gbogbo ẹ̀ tán. (Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máàsítà ti yí ṣáájú, láti January ọdún yẹn.) Ìyàwó mi lọ ní oṣù Karùn-ún. Ọmọ wa obìnrin ò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Wọ́n bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mọ́mì ẹ dà, ó ní wọ́n wà nínú fóònù dádì. Nígbà tó yá, bí fóònù bá ti dún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Ìyá ẹ̀ á máa wo àjà ilé lásán, á ní kò burú. Ó ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíì lọ́hùn-ún, ìyá tèmi tí orúnkún ń dùn ló ń wẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Èyí dùn mí ju owó agẹ́ńtì lọ.

Irun ló yọ wá. Lálẹ́ Sunday kan, ọmọ náà ń sunkún pé irun tòun nìkan ló rí wúruwùru ní kíláàsì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fi òòyà là á, wọ́n pín in sí mẹ́ta sí mi lọ́wọ́. “Ẹ má fà á, orí ọmọ ni, kì í ṣe okùn ewúrẹ́.” Ó gbà mí tó oṣù kan kí pátẹ́wọ́ tèmi tó dúró. Látìgbà yẹn, ìdí irun la ti ń pe ìyá ẹ̀. Fóònù á fara ti ìgò omi, ọmọ á wà láàárín ẹsẹ̀ mi, kò ríbi sá sí. Ìyá ẹ̀ á ní, “Ìlà ọwọ́ ọ̀tún yẹn wọ́ o.” Ibẹ̀ ni ọmọ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti Nàìjíríà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá mi nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region ní January 1955. Oko kòkó ń fẹ́ ọwọ́, àwọn àgbà agboolé ní bí ọmọ bá fi oko sílẹ̀, ilé máa tú. Ilé yí padà lóòótọ́, àmọ́ kò tú. Bàbá mi di tíṣà. Agboolé tó tọ́ wọn ò sí mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì tó kọ́ mi nírun, ọmọ Benue ni wọ́n. A ò tan rárá, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Bí o bá bi mí léèrè ìrètí, wọ́n ni mo máa nawọ́ sí.

Torí náà, ẹ fẹnu kò sí ọjọ́ tó máa wá wálé kí ẹ tó san owó kankan, kó o sì ti mọ irun dì kó tó lọ. Tèmi ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ọmọ ní ṣùkú lòun máa fi pàdé mọ́mì òun. Mi ò tíì mọ ṣùkú dì. Ìyá Ìbejì ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé.