Ẹ Bi Onífọ́tò: Ti Sony Ni Kí N Dúró Dè, àbí Kí N Ra Sigma?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kàbà ni mí, Kubwa níbí ni mo ń gbé, fọ́tò òde ni mo fi ń jẹun. Sony A7 III ni kámẹ́rà mi. Lẹ́ǹsì 28-70 tó bá a wá nínú páálí ni mo ṣì ń lò, pẹ̀lú 50mm kan. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, inú pálọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra 24-70 (24 fún ibi fífẹ̀, 70 láti fa nǹkan mọ́ra) tó ń ṣí dé f/2.8, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Owó ọwọ́ mi á ra ti Sigma tàbí Tamron, àmọ́ kò tí ì sún mọ́ ti Sony. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má dán an wò, pé lẹ́ǹsì tí kì í bá ti ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà, á ba kámẹ́rà jẹ́ gbẹ̀yìn ni. Ṣé kí n ní sùúrù?
Onífọ́tò Kubwa

Àbúrò mi, má dúró. Ra Sigma, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, torí ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí láyé ọjọ́un. Àwọn lẹ́ǹsì Sigma àtijọ́ kan wà tí kámẹ́rà Canon tó jáde lẹ́yìn wọn kò gbà, tí yóò kàn máa gbé error síta. Ìyẹn ò sì ba kámẹ́rà jẹ́ o, kò kàn ní ya fọ́tò ni. Ti Sony yàtọ̀. Láti 2011 ni Sony ti ṣí ìlànà ẹnu kámẹ́rà E-mount sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n lè máa ṣe lẹ́ǹsì tó bá a mu. Sony fúnra rẹ̀ ní ìpín owó nínú ilé-iṣẹ́ Tamron. Ta ni yóò fowó ara rẹ̀ sínú òwò tó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́?

Lẹ́ǹsì ọwọ́ rẹ yẹn, bí o bá fà á dé 70, f/5.6 ni ibi tó lè ṣí dé. F/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Fọ́tò tí ò ń yà nírọ̀lẹ́ ní ISO 6400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga, bó bá pọ̀ jù ni fọ́tò ń hù yanrìn), ISO 1600 ni wàá fi yà á. Gèlè ìyá ìyàwó ò ní máa hù yanrìn mọ́.

Ó wá ku èwo nínú àwọn méjèèjì. Tamron 28-75 G2, èyí tó jáde ní 2021, dùn ún gbé: 540 gíráàmù péré. Sigma tó jáde ní ìparí 2019 tó nǹkan bíi 830, ọrùn ọwọ́ rẹ á sì mọ̀ kí alága tó kì wọ́n tán. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá ní Garki tàbí gbangba etí odò Jabi ni o ti ń ṣiṣẹ́, Tamron ni ǹ bá ní kí o rà, ọ̀rọ̀ ò ní gùn.

Àmọ́ pálọ̀ lo wí. Alága ìjókòó ti ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Fìlà ẹnì kan ti yí wọ abẹ́ àga. Ẹbí ìyàwó ti kún orí sófà, ẹ̀yìn rẹ ti kan fíríìjì, kò síbi tí o tún lè sún sí. Ká ní mítà mẹ́ta ló wà láàárín yín. Lẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 24 á gba ohun tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin ààbọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 28 ò ní gba mítà mẹ́rin pé. Àyè tí ọkùnrin kan ń gbà tó bá dọ̀bálẹ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá sì sí nínú fọ́tò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àbúrò ọkọ, òun ni yóò kọ́kọ́ máa béèrè fọ́tò lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà.

N ò bu ẹnu àtẹ́ lu ti Sony o. 24-70 GM II tó jáde ní 2022 dára púpọ̀. 695 gíráàmù ni, ó fúyẹ́ ju Sigma ti 2019 lọ, ó sì yára. Ṣùgbọ́n bíi 2,300 dọ́là ni wọ́n fi gbé e jáde, Sigma ti 2019 jẹ́ 1,099 nígbà tó jáde. O mọ ohun tí dọ́là ń fojú náírà rí. Èyí tó jù níbẹ̀ ni pé àwọn àǹfààní tí Sigma ò lè fún ọ, kámẹ́rà rẹ gan-an ò lè lò wọ́n. Sony kì í jẹ́ kí lẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ mìíràn ya ju fọ́tò 15 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó gbé A9 tàbí A1 lọ ya bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Moshood Abiola á bínú sí ìyẹn. A7 III ò kọjá 10. Nínú fídíò, bí focus (ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere) bá ń kúrò lára ẹnì kan lọ sára ẹlòmíràn, àwòrán a máa fẹ̀ tàbí kó sún kì díẹ̀. A7 IV lè tún ìyẹn ṣe bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ ti Sony, tìrẹ ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí mo gbà fún GM ni pé kì í pẹ́ lọ́jà bí o bá fẹ́ tà á.

Bí owó rẹ bá tó Sigma kejì, ti 2024, tó jẹ́ 735 gíráàmù, gbà á. Bí kò bá tó, tòkunbọ̀ ti àkọ́kọ́ ò burú, àmọ́ gbé kámẹ́rà tìrẹ lọ. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí o wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò lè ṣàì sí: lẹ́ǹsì tó ń gùn síwájú tó ń padà sẹ́yìn á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọyẹ́ Abuja ò sì mojú ẹnì kankan. Irú eruku yẹn kì í sábà hàn nínú fọ́tò. Èyí tí wàá sá fún ni ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn lára gíláàsì inú. Olú ti hù síbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, dúró lọ́gbọọgba, yà á ní 24 àti ní 70, f/2.8 ni kí o lò. Bí ọ̀tún bá mọ́ kedere tí òsì ń ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kó ti ṣubú rí, olùtajà ì báà fi Bíbélì búra. Kọjú rẹ̀ sílẹ̀ wò pẹ̀lú. Tó bá ń gùn fúnra rẹ̀, ibi tí wàá ti ná an nìyẹn.

Tí o bá ti rà á, gba firmware tuntun (ètò tó ń darí lẹ́ǹsì) lórí ìkànnì Sigma; láti inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń fi sí i. Autofocus tó ń tẹ̀lé ẹyinjú á ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó tó bá ṣẹ́kù, fi ra mẹ́mọ́rì kejì. Ojú mẹ́mọ́rì méjì ni kámẹ́rà rẹ ní, jẹ́ kí gbogbo fọ́tò máa wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í tún ìgbéyàwó ṣe nítorí mẹ́mọ́rì tó kú.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Canon R6 ni tèmi. Mo fẹ́ ra Sigma 24-70 tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, oníṣòwò ní kò sí èyí tó wọ ẹnu RF, irú ẹnu tí kámẹ́rà mi ní. Ṣé ó fẹ́ ta tirẹ̀ fún mi ni?
Ìyá Ìbejì, Sabon Gari, Kano

Rárá, Ìyá Ìbejì, òótọ́ ló sọ fún yín. Canon ò ṣílẹ̀kùn bíi Sony. Ní oṣù kẹrin 2024, Sigma àti Tamron kéde lẹ́ǹsì fún RF, àmọ́ ti àwọn kámẹ́rà oní-sensọ kékeré (sensọ ni ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) bíi R7 àti R10 ni. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ sórí R6, àárín sensọ nìkan ni kámẹ́rà á lò, mẹ́gápíksẹ́lì 20 tí ẹ ní á já sí bíi 8.

Fún ẹ̀yin, ti Canon gan-an ni mo fara mọ́: RF 28-70 f/2.8 IS STM tó jáde ní 2024. 495 gíráàmù ni, 1,099 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n sì dí i mọ́ eruku, èyí tí Kano nílò jù. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yí i dé 28 kí kámẹ́rà tó gbà láti yàwòrán. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kí ẹ ra ìbòrí iwájú rẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í fi í sínú páálí.