Ṣé bakitéríà lè jẹ epo dísẹ́ẹ̀lì inú ilẹ̀ tán?

Ìbéèrè: Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ń tọ́jú epo dísẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ tí mo rà, ó sì jò síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí a bá gbẹ́lẹ̀, òórùn epo ṣì ń jáde. Ẹnì kan ní kí n ra bakitéríà oníyẹ̀fun, kí n wọ́n ọn síbẹ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Bakitéríà ń jẹ epo lóòótọ́, àmọ́ ẹ má tíì náwó. Ilẹ̀ tí epo ti mu pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ní àwọn tó ń jẹ ẹ́, irú bíi Pseudomonas àti Rhodococcus. Àwọn àjèjì tí a bá dà sáàárín wọn sábà máa ń kú. Ohun tó ń dá àwọn bakitéríà onílé dúró ni pé afẹ́fẹ́ kò tó wọn, epo nìkan kò sì lè bọ́ wọn: náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sétí òkun Alaska ní 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fi sáwọn etíkun kan, bakitéríà ibẹ̀ sì yára jẹ epo ju ti ibi tí kò ní ajílẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbé erùpẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Bí òjé bá wà níbẹ̀, kò sí bakitéríà tó lè jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá jẹ́ trichloroethylene, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin, ẹ pe onímọ̀. Dehalococcoides, bakitéríà tó ń tú u, kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, bí iṣẹ́ náà bá sì dúró lágbedeméjì, vinyl chloride tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ló máa kù sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì nìkan, ẹ tẹ́ erùpẹ̀ náà sórí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó nípọn, kó má ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ẹ po ajílẹ̀ mọ́ ọn níwọ̀nba, torí iyọ̀ àpọ̀jù ń pa bakitéríà. Fún ìṣirò, kábọ́ọ̀nù (èyí tó wà nínú epo) 100 sí náítírójìn 10 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 la sábà ń tẹ̀ lé. Ẹ máa yí i déédéé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá omi inú rẹ̀ tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ fún un pọ̀: ó yẹ kó dì pọ̀, àmọ́ kí omi má kán. Oṣù bíi mélòó kan ló máa gbà.

Ẹ dákun, ẹ má fi òórùn díwọ̀n rẹ̀, nítorí apá kan dísẹ́ẹ̀lì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ya erùpẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ láìfi ajílẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ méjèèjì wò pọ̀. Kí èsì tó jáde, ẹ má gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀.