Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Sọ́fítíwíà wo la fi ń ṣe ẹ̀dà odindi kọ̀ǹpútà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtẹ̀wé àti fọ́tò kékeré ni mo ní ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Orí láptọ́ọ̀pù HP kan ni gbogbo iṣẹ́ wa wà: Windows 10, dísìkì 500 GB, a sì ti lo bíi 180 GB nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì ìta 1 TB, tó fi jẹ́ pé bí dísìkì inú bá kú, màá kàn ra òmíràn, màá sì dá ohun gbogbo padà sí i, àti Windows, àti CorelDRAW, àti fọ́tò àwọn oníbàárà. Wọ́n dárúkọ Macrium, Clonezilla àti Rescuezilla fún mi. Èwo ni kí n mú? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Rescuezilla ni kí ẹ mú. Gbogbo wọn ló lè ṣe ẹ̀dà. Ọjọ́ tí Windows bá kọ̀ tí kò tan mọ́ la ó mọ èyí tó wúlò nínú wọn. Lọ́jọ́ náà, orí fláàṣì lẹ ó ti tan kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà tó wà lórí fláàṣì ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ rí dísìkì inú, kó rí dísìkì ìta, kí ẹ̀yin náà sì mọ èyí tí ẹ ń tẹ̀.

Macrium Reflect dára, ṣùgbọ́n láti January 1, 2024 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dáwọ́ àtúnṣe èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ dúró. Èyí tí a ń sanwó fún ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba ayédèrú rẹ̀ níbikíbi. Sọ́fítíwíà tó ń ka gbogbo inú dísìkì yín kì í ṣe ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Clonezilla, tí wọ́n ń ṣe ní ibùdó NCHC ní Taiwan, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lágbára púpọ̀, àmọ́ kò ní máòsì, ọ̀rọ̀ funfun lórí búlúù lẹ ó máa kà. Bí ẹ bá ṣì dísìkì kan mú fún èkejì níbẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ nìyẹn. Irinṣẹ́ tí Clonezilla fi ń ka dísìkì náà ni Rescuezilla ń lò, irú ẹ̀dà kan náà sì ni wọ́n ń ṣe, débi pé èkínní lè dá ẹ̀dà èkejì padà. Ṣùgbọ́n Rescuezilla ní ojú ìwé tí a ń fi máòsì tẹ̀, ó ń kọ orúkọ àti ìwọ̀n dísìkì kọ̀ọ̀kan síwájú yín, ó sì lè ṣí ẹ̀dà kan kí ẹ mú fáìlì ẹyọ kan jáde láìdá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ wá fláàṣì 4 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, torí ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ máa parẹ́. Ojúlé Rescuezilla fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba fáìlì ISO (odindi sọ́fítíwíà náà nínú fáìlì kan), kí ẹ fi Rufus tàbí balenaEtcher, àwọn sọ́fítíwíà tó ń sọ fláàṣì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè tan láti orí rẹ̀, kọ ọ́ sí fláàṣì. Bí ẹ bá kàn da fáìlì náà sórí fláàṣì bí ẹní da orin, kọ̀ǹpútà kò ní tan láti orí rẹ̀.

Kí ẹ tó pa Windows, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `powercfg /h off`. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Bí Fast Startup bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á. Ó máa ń tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú dísìkì kó lè yára tan lọ́la. Sọ́fítíwíà orí fláàṣì á wá bá ìpín C ní ipò ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, á sì kọ̀ láti kà á. Lẹ́yìn àṣẹ yẹn, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Tí ẹ bá ń tàn án padà, ẹ máa tẹ Esc léraléra lórí HP, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ F9, kí ẹ mú fláàṣì. Lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F12 ni.

Ẹ mú Backup. Ó máa bi yín léèrè dísìkì tí ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé `sda` tàbí `sdb`, torí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn lè pààrọ̀ ara wọn nígbà tí ẹ bá tún un tàn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì àti ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn èyí ó máa to àwọn ìpín inú dísìkì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wà ní mímú, pàápàá èyí kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi 100 MB. Inú ìpín kékeré yẹn ni ohun tó ń tan Windows wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo UEFI, ètò tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tan. Ẹni tó bá mú C nìkan, fáìlì rẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n dísìkì tuntun kò ní tan.

Ibi tí nǹkan wà lórí dísìkì nìkan ni yóò dà kọ. Fọ́tò JPEG kì í sì í fún pọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ ṣírò àyè 180 GB fún ẹ̀dà náà. Bí ojú USB yín bá jẹ́ 2.0, tó ń gbé bíi 30 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa gbà tó wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ojú USB 3 lè parí rẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹ rí i pé bátìrì kún, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà sórí iná. Dísìkì ìta ńlá tó ní wáyà iná tirẹ̀ máa kú bí wọ́n bá mú iná lọ, bí láptọ́ọ̀pù tilẹ̀ ní bátìrì, àfi tí ẹ bá fi í sórí inverter tàbí UPS. Èyí kékeré tó ń gba iná láti ojú USB ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀dà tó bá dúró lágbedeméjì kò ṣeé dá padà; ẹ pa á rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bó bá parí, ẹ lo Verify. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ wá dísìkì mìíràn, kí ẹ yọ ti inú kọ̀ǹpútà kúrò, kí ẹ dá ẹ̀dà padà sórí èyí tí ẹ wá, kí ẹ sì wò ó bóyá á tan. Ẹ má so àwọn méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀: nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni wọ́n ní, Windows á sì ti ọ̀kan pa.

Tí ẹ bá lọ ra dísìkì tuntun, ẹ ṣọ́ra fún SSD 480 GB. Dísìkì 500 GB lẹ ń lò, ìwọ̀n dísìkì tuntun kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 180 GB péré lẹ lò. Ìwọ̀n dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń wò. Ẹ ra 500 GB tó tóbi tó ti àtijọ́ gan-an, tàbí kí ẹ kúkú ra 1 TB. Nígbà tí Microsoft sì ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ẹ ṣe ẹ̀dà yìí kí ẹnikẹ́ni tó bá yín gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Windows 11.

Mo fi Rescuezilla tan Dell mi tó ní Windows 11. Ó rí fláàṣì, ó rí dísìkì ìta, ṣùgbọ́n kò rí SSD 512 GB tó wà nínú kọ̀ǹpútà rárá. Ṣé SSD ti bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Kò bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí Windows ṣì ń tan. Ọ̀pọ̀ Dell ni wọ́n máa ń gbé jáde pẹ̀lú RAID tàbí VMD ti Intel, ètò tó ń darí dísìkì, nínú BIOS (ojú ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà kí Windows tó tan), èyí sì lè fi SSD pamọ́ fún Linux tí Rescuezilla ń lò lórí fláàṣì. Àwọn kan á ní kí ẹ yí i sí AHCI, ètò dísìkì mìíràn tó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá yí i láìpèsè Windows sílẹ̀, ojú búlúù tó ń kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lẹ ó rí. Ó tún ṣeé ṣe kí BitLocker, ètò Windows tó ń ti inú dísìkì pa fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, béèrè kọ́kọ́rọ́ olójú 48 rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `manage-bde -status` wò: bí C bá wà lábẹ́ BitLocker, Rescuezilla kò lè mọ ibi tó ṣófo nínú rẹ̀, gbogbo ìpín náà ni yóò kọ, tófo tẹ̀kún.

Fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, Veeam Agent ọ̀fẹ́ fún Windows la fọwọ́ sí. Inú Windows ló ti ń ṣe ẹ̀dà, nítorí náà BitLocker kò dí i lọ́wọ́. Ó sì tún ń ṣe fláàṣì ìdápadà tó kó dírafà kọ̀ǹpútà yín gan-an sínú, èyí tí yóò jẹ́ kí ó rí SSD yẹn. Ẹ ṣe fláàṣì náà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó lè dá yín lójú. Ohun tó bá wọ inú ẹ̀dà kò sí lábẹ́ ààbò BitLocker mọ́, torí náà ẹ ti dísìkì ìta yẹn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Dísìkì mi ti ń dún káká, ẹ̀dà sì ń dúró ní ìdá mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo. Ṣé kí n ṣe chkdsk? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Rárá o! chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe, á máa kọ nǹkan sórí dísìkì tó ń kú lọ. Ẹ gba SystemRescue sórí fláàṣì, `ddrescue`, irinṣẹ́ tó ń kó ohun inú dísìkì tó ń bàjẹ́, wà nínú rẹ̀. Dísìkì ìta gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó gbogbo ìwọ̀n dísìkì àtijọ́. Ẹ fi `lsblk` mọ orúkọ dísìkì méjèèjì, ẹ fi àṣẹ `mount` so ti ìta mọ́ `/mnt`, kí ẹ wá tẹ `ddrescue -n /dev/sda /mnt/disk.img /mnt/disk.map`, bó bá jẹ́ `sda` ni èyí tó ń ṣàìsàn. Ó máa kọ́kọ́ kó ibi tó ṣì dára, á fo ibi tó le. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi `-d -r3` rọ́pò `-n`. Fáìlì `disk.map` ló ń rántí ibi tó dé, torí náà bí iná bá lọ, àṣẹ kan náà á tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Bí BIOS kò bá rí dísìkì náà mọ́, ẹ má tún tàn án. Àwọn tó ń ṣí dísìkì nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀ nìkan ló kù tó lè gbà á là.